Ìró Aláró tí Àwẹ̀ró Kò Fẹ́ Yọ̀ǹda

Ó di ọjọ́ kẹta tí ọmọ ẹfọ̀n kú kí Àwẹ̀ró tó lè gbá ibi tí ó máa ń sùn sí. Irun pupa díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ òpó tí ẹran náà ń fi ara ha. Ó ṣa irun náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dì í sínú ewé, ó sì gbé e sí òkè àjà. Níbẹ̀ ni ó ti bá ewé méjì mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ ti dì tẹ́lẹ̀. Irun ọmọ ìgalà wà nínú ọ̀kan, ti ọmọ ìnàkí wà nínú èkejì. Ẹ̀mí mẹ́ta ni ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó kú níṣojú rẹ̀. Ìgbà tí ó bá lọ sí ìrìn àjò ni wọ́n máa ń kú.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó àgbà Ọdẹ́ṣínà, ọdẹ ìlú Ìdígbò. Ní Ìdígbò láyé ìjọ́un, òfin kan wà láàárín àwọn ọdẹ tí ẹnikẹ́ni kì í rú. Bí ọdẹ bá ṣèèṣì pa ẹran tí ọmú rẹ̀ kún, kò gbọdọ̀ padà sílé láìwá ọmọ ẹran náà kàn. Yóò mú un wálé, agboolé rẹ̀ yóò sì máa tọ́ ọ títí yóò fi tó padà sínú igbó. Ìrù ìyá ẹran náà ni wọn yóò fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọ bá lọ. Bí ọmọ bá kú, wọn yóò sin ìrù náà pẹ̀lú rẹ̀, ọdẹ náà kò sì ní wọ igbó fún oṣù mẹ́ta.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró ni iṣẹ́ títọ́ yìí wà ní agboolé wọn. Ó mọ̀ ọ́n ṣe gidigidi. Ó mọ bí a ṣe ń rẹ òwú sínú wàrà ewúrẹ́ kí a tó fi sí ẹnu ẹran tí kò tíì lajú. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn wọ́n, pàápàá jùlọ Àyọ̀ká. Àyọ̀ká ni ìyàwó kejì. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti wọlé, láti ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró sì ti ń ka iye ìgbà tí ẹ̀rín ń dún nínú yàrá kejì.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹfọ̀n kú, kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó pa á. Ó ti mọ ẹni tí yóò dá lẹ́bi.

Àyọ̀ká wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyálé mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbálẹ̀ náà."

"O ti bá mi gbá ohun tí ó wà lórí rẹ̀ lọ," ni Àwẹ̀ró wí. "Ilẹ̀ lásán ni ó wá kù fún ọ?"

 Àyọ̀ká wo ilẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sí ìdí àdìrò rẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Ọdẹ́ṣínà tún wọ igbó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, erin kan já lù ú nínú ọ̀dàn. Ó ta á lọ́fà olóró kí ó tó rí i pé ọmú rẹ̀ kún. Erin náà gbá a kí ó tó ṣubú. Nígbà tí àwọn ọdẹ yòókù gbé Ọdẹ́ṣínà bọ̀ wálé lórí igi, ọmọ erin náà ń tẹ̀ lé wọn. Wọn kò fà á, wọn kò sì dè é. Òórùn ìyá rẹ̀ wà lára ọkùnrin tí wọ́n gbé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ọdẹ́ṣínà lò. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní kí wọ́n pe àwọn ìyàwó òun.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ó ní, "ẹ jọ tọ́ ọ."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n èémí kò jẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Àwẹ̀ró mú ọmọ erin náà lọ sí ẹ̀yìn yàrá tirẹ̀, ó fi igi ṣe ọgbà yí i ká, ó sì so ẹnu ọgbà náà pinpin.

Ó sọ ẹran náà ní Dúróríìkẹ́. Kò ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Kò tíì mọ bí a ṣe ń lo ọwọ́jà, imú gígùn tí erin fi ń ṣe ọwọ́. Ó máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì ké bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó tẹ̀ ẹ́. Fún ọjọ́ méjì gbáko kò mu ohunkóhun. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ń wò ó. Ó rí i pé ó ń ki orí bọ abẹ́ gbogbo ohun tí ó bá ṣíji: abẹ́ àká, abẹ́ ẹní tí wọ́n sá. Ó wá yé e pé abẹ́ ikùn ìyá rẹ̀ ni ó ń wá. Ó bọ́ ìró tí ó dà sí èjìká, ó ta á láti apá rẹ̀ dé ara ògiri, ó sì gbé kèrègbè wàrà sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ erin náà ki orí bọ ibẹ̀, ó fi ọwọ́jà ti aṣọ náà, ó sì mu kèrègbè mẹ́ta tán.

Láti ọjọ́ náà, bí kò bá sí ìró náà, kò sí wàrà mímu.

Ìró aláró ni. Ọdẹ́ṣínà ni ó rà á fún un, ní ọdún tí òun nìkan ṣoṣo jẹ́ ìyàwó nínú ilé náà. Àwẹ̀ró kò fọ̀ ọ́ mọ́ kí òórùn rẹ̀ má baà yí padà. Bí ó bá ń lọ sí odò, ó wà lára rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sùn, ó ká a sí abẹ́ orí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbàgbé láti so ẹnu ọgbà. Àyọ̀ká jókòó sídìí iṣu tí ó ń bó. Dúróríìkẹ́ rọra lọ bá a, ó ti ẹnu ọwọ́jà rẹ̀ bọ inú etí rẹ̀, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Àyọ̀ká bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni. Àwẹ̀ró ti gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri fún ọdún mẹ́sàn-án.

"Dúróríìkẹ́! Máa bọ̀ níbí!"

"Ìyálé mi, ẹ má bínú. Òun ni ó wá bá mi."

"Bí ọkọ wa ṣe wá bá ọ náà nìyẹn."

Ó fi ìró lé ẹran náà wọ inú ọgbà. Okùn ẹnu ọgbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó so ó.

Nígbà tí ó ṣe, wọ́n ránṣẹ́ sí i láti ìlú tí wọ́n ti bí i pé àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ fẹ́ ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ìyá wọn. Ó lọ. Ó mú ìró náà lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ọdẹ kan tí ó ń kọjá sọ fún un pé ọmọ erin ilé rẹ̀ kò mu nǹkan kan láti ọjọ́ tí ó ti jáde. Àwẹ̀ró fi oúnjẹ ẹ̀yẹ sílẹ̀, ó sáré dé ilé ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì. Etí Dúróríìkẹ́ ti rọ̀ sílẹ̀ bí ewé kókò tí oòrùn pa. Bí ó ti rí ìró, ó dìde, ó sì mu.

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró. Báyìí gan-an ni ti ọmọ ẹfọ̀n ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró kò dúró jẹun, kò wẹ̀. Ó gba ilé Ìyá Ẹfúnyalé lọ létí odò.

Arúgbó ni Ìyá Ẹfúnyalé, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni ó fi ń bi Òòṣà léèrè. Kò bèèrè ohun tí ó gbé Àwẹ̀ró wá. Ó fẹ́ èèrà kan kúrò lórí àtẹ, ó da owó ẹyọ náà, ó sì fi ìka kàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá," ni Àwẹ̀ró wí, "mo fẹ́ mọ ẹni tí ń pa wọ́n."

"Kò sí ẹni tí ń pa wọ́n. Ebi ni ń pa wọ́n."

"Ebi kẹ̀? Nínú ilé tí wàrà kún fọ́fọ́?"

"Ọmọ ẹfọ̀n tí ó kú yẹn, ta ni ó mọ̀ lẹ́yìn rẹ?"

"Èmi nìkan ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń yangàn. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ohun tí ó sọ.

Ìyá Ẹfúnyalé tún owó ẹyọ dà. "Mo rí ọmọ kan tí ó lè yè. Mo rí àwọn ọmọ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Rúbọ, Àwẹ̀ró. Ẹyẹlé méjì, obì mẹ́rin, àti aṣọ kan."

"Aṣọ wo?"

"Èyí tí o ti ń dì mú láti ìgbà tí o ti wọlé."

Àwẹ̀ró wo ọwọ́ ara rẹ̀. Etí ìró aláró ni ó wà níbẹ̀, tí ó ti fún un títí ó fi rún.

"O ó fà á ya sí méjì," ni Ìyá Ẹfúnyalé ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìdajì jẹ́ tìrẹ. O ó fi ìdajì kejì bo ẹni tí ojú rẹ kò fẹ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ìwọ fúnra rẹ, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ. O ó sì sọ fún un pé, 'Ọmọ wa ni.' Bí o bá ṣe é, ọmọ yóò yè. Bí o kò bá ṣe é, má ṣe rin ìrìn àjò mọ́ láyé rẹ."

"Ìyá, ẹ bá mi bẹ Òòṣà. Mo lè fi ewúrẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àgbò pàápàá, mo lè wá a."

"Ta ni ó bèèrè ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Àwẹ̀ró dìde. Ní ojú ọ̀nà, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ni arúgbó yẹn mọ̀? Kò bá ẹnikẹ́ni du ọkọ rí. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri rẹ̀ rí. Òun yóò rúbọ, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ọwọ́ ara òun gbé ọmọ òun fún Àyọ̀ká.

Ó wá ẹyẹlé, ó wá obì. Ṣùgbọ́n ìró mìíràn ni ó fà ya, èyí tí ó ti gbó tí ó fi ń ru igi. Ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí etídò. Ó sọ "Ọmọ wa ni" náà, ṣùgbọ́n àárín àwọn alákàn ni ó ti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó búra pé òun kò ní rìn kọjá etídò ìlú mọ́.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Dúróríìkẹ́ ga dé àyà rẹ̀. Àwẹ̀ró ń fi ojú kan wo Àyọ̀ká, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹbọ ti dà.

Àfi ní ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó ru koríko bọ̀ láti etídò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta, egungun ojúgun rẹ̀ sì dá. Ẹni tí ó mọ egungun tò jùlọ ń gbé ní abúlé kan tí ìrìn rẹ̀ gba ọjọ́ kan gbáko. Àwọn ọdẹ gbé Àwẹ̀ró lé igi. Ìró aláró wà lára rẹ̀. Dúróríìkẹ́ ń ké nínú ọgbà, ó ń fi orí gbá igi.

Àyọ̀ká sáré tẹ̀ lé wọn dé ẹnu odi ìlú, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ìyálé mi, ìró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìró náà!"

Àwẹ̀ró gbọ́. Ó di ojú rẹ̀, bí ẹni pé ìrora kò jẹ́ kí ó gbọ́. Wọ́n gbé e kọjá.

Ní ọjọ́ kẹrin, bí ó ti dùbúlẹ̀ sí ilé ẹni tí ń to egungun, ó rí ẹnì kan tí ó ń bọ̀ lọ́nà. Erùpẹ̀ pupa bò ó dé orúnkún. Àyọ̀ká ni.

"Ìyálé mi, ẹ kú ìrora."

"Ṣé ó ti kú?"

"Kò tíì kú. Láti àárọ̀ àná ni kò ti dìde." Àyọ̀ká kúnlẹ̀, kò sì jókòó. "Mo fi aṣọ tí ẹ fi ń nu kèrègbè bo ara mi. Ó gbọ́ òórùn yín, ó dìde. Nígbà tí ó wo ojú mi, ó tún dùbúlẹ̀. Mi ò bá ìjà wá o. Ǹ bá gbé e wá bá yín tí mo bá lè gbé e. Mo tilẹ̀ gbìyànjú."

Àwẹ̀ró rí èjìká rẹ̀. Okùn ti bó ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sí i. Obìnrin kan ṣoṣo ti so okùn mọ́ èjìká láti gbé ọmọ erin dìde.

Ewé mẹ́ta òkè àjà wá sí i lọ́kàn. Kò sí ẹni tí ó gbá ohunkóhun lọ. Òun ni ó kọ́ àwọn ẹran wọ̀nyẹn pé kí wọ́n má ṣe gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun náà ni ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ó rántí bí òun ṣe di ojú ní ẹnu odi ìlú. Àbámọ̀ mú un, ó gbóná ju ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó dá lọ.

Ó bọ́ ìró náà. Aṣọ náà nípọn, kò fẹ́ ya. Ó fi eyín gé etí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó sì ya láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo kan tí ó mú kí adìyẹ ilé náà sá. Ó tẹ́ ìdajì lé èjìká Àyọ̀ká, ó sì rọra bo ibi tí ó bó.

"Ọmọ wa ni," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré púpọ̀.

"Ẹ ní kí ni, Ìyálé mi?"

"Má jẹ́ kí n tún un sọ! Gbọ́. Ọwọ́ òsì ni kí o fi gbé kèrègbè. Ta ìró bo orí rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn, kí iwájú orí rẹ̀ sì ti ikùn rẹ. Kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọwọ́jà rẹ̀, bí ó ṣe fẹ́ ẹ sí ọ létí lọ́jọ́ iṣu yẹn. Sáré!"

Àyọ̀ká ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ó tún gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀, ó le díẹ̀ báyìí.

"Àyọ̀ká! Mo ní ọmọ wa ni."

Ogójì ọjọ́ kọjá kí Àwẹ̀ró tó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọ Ìdígbò. Ẹ̀yìn ilé ni ó gbà lọ. Àyọ̀ká dúró, ó ta ìdajì ìró, gbogbo orí Dúróríìkẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti sanra. Nígbà tí ó gbọ́ bí ọ̀pá ṣe ń kan ilẹ̀, ó yọ orí jáde, wàrà ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó sáré wá. Ó gbóòórùn Àwẹ̀ró láti orí dé ẹsẹ̀, ó pẹ́ lórí ojúgun tí ó dá, ó sì kùn. Lẹ́yìn náà ó padà lọ parí wàrà rẹ̀ lọ́dọ̀ Àyọ̀ká.

Àwẹ̀ró jókòó sórí odó. Nǹkan kan jó o nínú àyà.  Àyọ̀ká wo ojú rẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó sì na kèrègbè náà sí i.

"Ó kù díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹ gbà á, Ìyálé mi. Apá ti ń ro mí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́ ọ. Àwẹ̀ró lónìí, Àyọ̀ká lọ́la. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin agboolé ọdẹ mìíràn náà, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ọjọ́ tí Dúróríìkẹ́ mọ ọwọ́ kan ṣoṣo. Owú kò jáde kúrò lára Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ mìíràn, yóò dúró lẹ́yìn ògiri, yóò máa gbọ́ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n kò kà á mọ́.

Ní ọdún keje, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, agbo erin wá mu omi ní odò Ìdígbò. Dúróríìkẹ́ ti ń lọ wò wọ́n láti òkèèrè fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì rìn lọ sí etí ọ̀dàn, wọ́n dúró sẹ́yìn igi emi kan. Wọ́n rí i láàárín agbo. Abo erin ńlá kan tí etí rẹ̀ ya sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́jà lé e lẹ́yìn, ó sì tì í sábẹ́ òjìji ara rẹ̀, kí oòrùn má baà pa á.

Dúróríìkẹ́ kò wẹ̀yìn.

Àwẹ̀ró ń wò. Nǹkan àtijọ́ yẹn tún jó o nínú àyà. Ó wo Àyọ̀ká, ó sì rí i pé Àyọ̀ká náà ti há ẹnu rẹ̀ mọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ó ń wo abo erin náà bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àyọ̀ká."

"Ìyálé mi."

"Orogún wa dé."

Àyọ̀ká bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n jọ tú ìrù ìyá erin náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àyọ̀ká mú abẹ́rẹ́, ó rán ìdajì ìró méjèèjì pọ̀. Ojú rírán náà hàn gbangba láàárín, wọn kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́.

Abẹ́ ìró náà ni gbogbo ọmọ ẹran tí kò ní ìyá ti ń mu wàrà ní Ìdígbò láti ìgbà náà. Àwọn ọdẹ ìlú mìíràn gbọ́, àwọn náà ń gbé tiwọn wá. Kò sí èyí tí ebi tún pa ní ilé náà nítorí pé ẹnì kan rin ìrìn àjò. Àwẹ̀ró rin ìrìn àjò tí ó wù ú títí ó fi darúgbó, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ń bá ohun gbogbo láàyè.

Èyí ni ohun tí àwọn tí ń da owó ẹyọ létí odò náà ń rán ẹni létí, bí onítọ̀hún bá di ohun tí ó fẹ́ràn mú jù. Wọ́n ní ẹni tí ó kọ ẹbọ kábàámọ̀, ẹni tí ó rú u sì rí ire. Ní Ìdígbò, ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì.